Ta Ni Ń Béèrè Ìyá Ọmọ?

Ọ̀rọ̀ inú ilé ni mo gbé wá lónìí. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé kí ló kan ọkùnrin nínú ọ̀rọ̀ aboyún àti ìyá ìkókó. Ó kàn mí, nítorí pé kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí a kì í pè mí síbi ìkómọ, ohun tí mo sì ń fi ojú mi rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ wo bí a ti ń ṣe é. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ, a ti tẹ́ ẹní síta, àwọn àlùfáà ti jókòó, àgbò àkíkà ti wà ní ìsomọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé. A ó gbé ọmọ jáde, a ó sọ ọ́ lórúkọ, a ó ṣe àdúà fún un, fún bàbá rẹ̀, fún bàbá bàbá rẹ̀, títí kan ẹni tí ó fi mọ́tò rẹ̀ gbé àlùfáà wá. Owó yóò máa bọ́ sínú àwo. Ìyá ọmọ ńkọ́? Wọn yóò ní kí ó jáde wá kúnlẹ̀ gba àdúà tirẹ̀. Yóò jáde, ojú rẹ̀ yóò wú, a ó sì wí pé àìsùn ni. Àmín bíi mẹ́ta, ó tún ti wọlé. N kò sọ pé kí a fi ìkómọ sílẹ̀ o! Ohun tí mò ń béèrè ni pé nígbà tí a bá jẹ tán tí a mu tán, tí olúkúlùkù gba ọ̀nà ọjà rẹ̀ lọ, ta ni ń béèrè bí ọkàn ìyá ọmọ ti rí?

Mo mọ obìnrin kan tí ń ta àǹkárá ní ọjà kan tí n kò ní dárúkọ. Nígbà tí ó bí ọmọ rẹ̀ kejì, ọjọ́ kẹtàdínlógún ni ó ti padà sí ìsọ̀, nítorí pé aṣọ àwìn ni ó kó, ẹni tí ó sì kó aṣọ fún un kò mọ ohun tí ń jẹ́ ìkókó. Àwọn oníbàárà ń kí i pé ẹ kú ewu ọmọ, ẹ kú ọwọ́ lómi, òun náà sì ń dáhùn. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ìsọ̀ wọn jọ kángun síra ṣàkíyèsí pé yóò ka ìdìpọ̀ aṣọ kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kò ní mọ iye rẹ̀. Oúnjẹ ìdájí yóò wà níbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọmọ yóò máa sunkún lórí ẹní, ìyá yóò máa wò ó bí ẹni tí ń wo ọmọ ọlọ́mọ. Nílé, wọ́n ní ọ̀lẹ ni. Ẹnì kan ní wọ́n ti fi nǹkan ṣe é. Wọ́n gba hàntú fún un nígbà mẹ́ta. Àgbàlagbà kan tilẹ̀ bá a wí pé aláìmoore ni sí Ọlọ́run, nítorí pé àwọn kan wà tí wọ́n ń wá ọmọ lójú méjèèjì. Nọ́ọ̀sì kan tí ó ń gún ọmọ rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ó gbójú sókè tí ó bi í pé, "Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Ṣé ara rẹ le?" Ẹkún ni ó fi dáhùn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un dé ọ̀dọ̀ dókítà, kò sì pé oṣù mẹ́rin tí ó fi bọ̀ sípò. Títí di òní, kò tíì sí ẹnì kan nínú ilé náà tí ó pe ohun tí ó ṣe é ní àìsàn.

Àìsàn ni. Ẹ jẹ́ kí a là á kí ó yé ara wa, nítorí pé nǹkan mẹ́ta ni àwọn ènìyàn máa ń dà pọ̀ mọ́ra wọn. Bí ìyá bá bímọ tán, tí ó ń sunkún láìnídìí, tí inú ń bí i wéré, tí ó sì tán láàrin ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ìyẹn wọ́pọ̀ púpọ̀. Ìsinmi àti ọ̀rọ̀ ìtùnú tó fún un. Èkejì ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí kò lọ bọ̀rọ̀, tí ó lè bẹ̀rẹ̀ láti inú oyún tàbí lẹ́yìn ìbímọ. Oorun kò wá, tàbí kí ó pọ̀ jù. Oúnjẹ kò dùn lẹ́nu. Ohunkóhun kò sì múnú rẹ̀ dùn mọ́, títí kan ọmọ tí ó fi oṣù mẹ́sàn-án retí. Yóò máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé òun kì í ṣe ìyá gidi. Ẹ̀kẹta ni èyí tí àwọn baba ńlá wa ti fún ní orúkọ, abísínwín. Òun ni kò wọ́pọ̀, ẹnì kan tàbí méjì nínú 1,000 ìyá tí ó bímọ, ṣùgbọ́n òun ni ó léwu jù. Nítorí pé abísínwín nìkan ni a mọ orúkọ rẹ̀, ẹni tí kò bá já síta níhòòhò, a ní kò sí ohun tí ó ń ṣe é.

Àwọn kan yóò ní àrùn òyìnbó nìyí, pé àwọn ìyá wa bí mẹ́wàá, wọn kò sì gbọ́ irú rẹ̀ rí. Àwọn dókítà wa fúnra wọn ti dáhùn èyí. Ní Iléṣà, Dókítà Abíọ́dún Adéwuyà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ìyá 876 wò ní ọ̀sẹ̀ kẹfà lẹ́yìn ìbímọ, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2005. Nínú 100 ìyá, ó tó 15 tí ìrẹ̀wẹ̀sì yìí mú. Iléṣà wa yìí ni mo wí, kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà sọ pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè, nǹkan bí aboyún 16 nínú 100 àti ìyá ọlọ́mọ tuntun 20 nínú 100 ni irú àìsàn ọkàn bẹ́ẹ̀ ń mú. Bí obìnrin 20 tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ bá kírun Jímọ̀ lẹ́yìn wa, ẹ fi ọwọ́ yín ṣe ìṣirò náà.

Ní ti àwọn ìyá wa, òótọ́ ni pé ohun kan wà lọ́wọ́ wọn tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọn. Agboolé ni wọ́n bímọ sí. Ìyá ọkọ wà níbẹ̀, ìyá ìyàwó ń bọ̀ wá wẹ ọmọ, orogún àgbà ń se ọbẹ̀, àwọn ọmọdé ń gbé ìkókó jó. Ìyá ọmọ ń jẹ, ó ń sùn, ó ń fi omi gbígbóná wẹ̀. Lónìí, yàrá kan ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ọkọ ti jáde láti ìdájí, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kò sì ní jẹ́ kí ó wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyá ìyàwó náà ní ìsọ̀ tirẹ̀ tí kò lè tì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ẹrù kan náà tí ènìyàn mẹ́fà ń gbé ni a gbé lé orí ẹnì kan, a sì ń bá a wí pé ọrùn rẹ̀ kò le.

Ẹ wá jẹ́ kí a wo ohun tí ẹ̀sìn wa sọ, nítorí pé ẹ̀sìn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń pa àwọn obìnrin wọ̀nyí lẹ́nu mọ́. Gbogbo wa ni a mọ ìtàn Màríyámù ìyá Ànábì Ísá nínú Àlùkùránì, nínú Súrà tí a fi orúkọ rẹ̀ pè. Ìrọbí lé e dé ìdí igi dàbínù. Kò sí agbẹ̀bí, kò sí ìyá, kò sí ọkọ. Níbẹ̀ ni ó ti sọ pé ìbá dára kí òun ti kú ṣáájú èyí, kí òun sì ti di ẹni ìgbàgbé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ta ni ó sọ ọ̀rọ̀ yìí? Obìnrin tí Ọlọ́run yàn lé gbogbo obìnrin lórí, tí oúnjẹ ń bá nínú ilé ìjọsìn láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run. Bí irú rẹ̀ bá lè fẹ́ kú nígbà ìrọbí, ẹnu wo ni àwa ó fi wí pé àìnígbàgbọ́ ni ó ń ṣe ìyàwó Làmídì?

Ẹ sì wo èsì tí ó gbà. A kò bá a wí. A kò sọ fún un pé aláìmoore ni. A ní kí ó má banú jẹ́. A fi omi tí ń ṣàn hàn án lẹ́sẹ̀ rẹ̀, a ní kí ó mi igi náà kí èso tí ó gbó lè bọ́ sílẹ̀, kí ó jẹ, kí ó mu, kí ojú rẹ̀ tutù. Lẹ́yìn náà, a fún un ní àyè pé kí ó má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Oúnjẹ, omi, ìtùnú, àti ìsinmi kúrò lọ́wọ́ àwọn oníbéèrè! Mo ti gbọ́ wáàsí púpọ̀ lórí ìtàn yìí, lórí iṣẹ́ ìyanu ọmọ tí ó sọ̀rọ̀ láti inú ìtẹ́. N kò tíì gbọ́ èyí tí ó dúró lórí omi àti dàbínù tí a kọ́kọ́ fún ìyá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá Ànábì Mùsá. Lẹ́yìn tí ó gbé ọmọ rẹ̀ sórí omi, Àlùkùránì sọ fún wa pé ọkàn rẹ̀ ṣófo, ó kù díẹ̀ kí ó tú àṣírí, bí kì í bá ṣe pé Ọlọ́run dì í lọ́kàn mú. Ọlọ́run dá ọmọ náà padà fún un kí ojú rẹ̀ lè tutù. Ànọ́bì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, a máa bẹ̀rẹ̀ ìrun pẹ̀lú èrò láti fà á gùn, ṣùgbọ́n bí ó bá gbọ́ ẹkún ọmọdé, a gé e kúrú nítorí ohun tí ẹkún náà ń ṣe sí ìyá rẹ̀. Ìrun ni ó gé kúrú o, nítorí ọkàn ìyá kan! Àwa náà wà ní mọ́ṣáláṣí, bí ọmọ bá ké, a ó yíjú padà, a ó wo ìyá rẹ̀ bí ẹni tí ó jalè.

Ọ̀rọ̀ àlùjànnú ńkọ́? N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé kò sí àlùjànnú. Àlùkùránì dárúkọ wọn. Kí a ṣe àdúà, kí a ka Àlùkùránì sí aláìsàn lórí, ó dára. Ṣùgbọ́n Ànọ́bì kan náà ni ó pàṣẹ pé kí a máa wá ìtọ́jú, nítorí pé Ọlọ́run kò sọ àìsàn kan kalẹ̀ láì sọ ìwòsàn rẹ̀ kalẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí ìgbà àtijọ́ kò ka àìsàn ọkàn sí ọ̀rọ̀ àlùjànnú nìkan. Abu Zayd al-Balkhi, tí ó kú ní 934, kọ odidi ìwé kan lórí ìtọ́jú ara àti ìtọ́jú ọkàn, ó sì ṣàlàyé pé bí ara ti ń ṣàìsàn ni ọkàn náà ń ṣàìsàn. Ilé ìwòsàn tí Sultan Qalawun kọ́ sí Káírò ní 1284 ní ibùgbé fún àwọn tí orí wọn dàrú. Ta ni ó wá kọ́ wa láti fi ẹgba na ìyá ìkókó nítorí pé a fẹ́ lé ohun kan jáde lára rẹ̀? Àlùfáà tí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ń ṣe ìpalára. Mo sọ ọ́, n kò sì kó o jẹ.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ ìyá kò bá dùn ún, kí ó rò ti ọmọ. Ìkókó kì í fi wàrà nìkan dàgbà. Ojú ìyá ni ó ń wò, ohùn ìyá ni ó ń gbọ́. Nígbà tí ó bá gbin tí ìyá sì dá a lóhùn, tí ó rẹ́rìn-ín tí ìyá sì rẹ́rìn-ín padà, ọpọlọ rẹ̀ ń dàgbà níbẹ̀, ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ sì ni ìdàgbàsókè náà yára jù. Ìyá tí ìrẹ̀wẹ̀sì mú kò lè ṣe èyí bí ó ti yẹ, kì í ṣe pé kò fẹ́. Àwọn dókítà Iléṣà kan náà tún fi hàn ní 2008 pé àwọn ọmọ tí ìrẹ̀wẹ̀sì mú ìyá wọn kò wúwo tó, wọn kò sì ga tó ẹgbẹ́ wọn ní oṣù kẹta àti oṣù kẹfà, wọ́n sì tètè já wọn lẹ́nu ọmú. A ó máa ra oògùn amúnisanra fún ọmọ, a kò mọ̀ pé ìyá ni ó yẹ kí a tọ́jú.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò sì fi gbogbo ìgbà gba owó ńlá. Ní Pakistan, orílẹ̀-èdè àwọn Mùsùlùmí bíi tiwa, ní àwọn abúlé àgbègbè Rawalpindi, Dókítà Atif Rahman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ ìlera abúlé níṣẹ́ kan. Àwọn obìnrin yìí kì í ṣe dókítà. Wọ́n ń lọ sílé àwọn aboyún tí ìrẹ̀wẹ̀sì mú, láti oṣù ìkẹyìn oyún títí ọmọ yóò fi tó oṣù mẹ́wàá, ìgbà 16 lápapọ̀. Wọn kò sọ fún ìyá ọkọ pé orí ìyàwó rẹ̀ dàrú. Wọ́n ní nítorí kí ọmọ lè dára ni àwọn ṣe wá, ilẹ̀kùn sì ṣí fún wọn. Wọ́n ń kọ́ ìyá bí yóò ti mọ èrò tí ń fà á wálẹ̀, bí yóò ti fi èrò tí ó sàn rọ́pò rẹ̀, àti bí yóò ti máa ṣe ohun kékeré kan lóòjọ́. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2008. Nínú àwọn ìyá 903 tí ó wà nínú iṣẹ́ náà, nígbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́fà, 23 nínú 100 ni àìsàn náà ṣì wà lára wọn níbi tí wọ́n ti ṣe é. Níbi tí wọn kò ti ṣe é, 53 nínú 100 ni. Ìgbẹ́ gbuuru ọmọ dínkù, abẹ́rẹ́ àjẹsára pé, bàbá pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí bá ọmọ ṣeré. Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ níbí náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gúrèjé àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní àwọn ilé ìlera kéékèèké láti máa tọ́jú irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2019, èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn obìnrin náà ni ó sì gbádùn.

Ẹ̀yin ọkọ, ó kù sọ́wọ́ yín. Súrà Bákárà sọ pé lọ́rùn bàbá ni oúnjẹ àti aṣọ ìyá tí ń fún ọmọ lọ́mú wà, ó sì ní kí a má fi ọmọ ni ìyá lára. Kódà ọ̀rọ̀ jíjá ọmọ lẹ́nu ọmú, ó ní kí ìyá àti bàbá jọ gbìmọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bímọ obìnrin fún ọ tí o wá gbé ojú pọ́n sí i nítorí pé ọkùnrin ni o ń retí, ìwọ ni o ń dá àìsàn sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún kí ó tó bí, kí ẹnikẹ́ni má wí fún un pé kò bímọ bí obìnrin. Ẹni tí oyún rẹ̀ bàjẹ́ tàbí tí ọmọ rẹ̀ kú, ẹ má wulẹ̀ sọ fún un pé omi ni ó dànù kí ẹ sì lọ. Ẹ jókòó tì í.

Ẹ̀yin ará ọjà, ọ̀rọ̀ yín ni ó le jù lójú mi. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ń gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ 16 nígbà tí ó bá bímọ, owó oṣù rẹ̀ kò sì dúró. Ìyá alátà kò ní ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀sìn fún un ní ogójì ọjọ́ tí a kò bi í ní ìrun, ọjà kò sì fún un ní ogún. Ṣé a kò lè fi ọwọ́ ara wa ṣe é? A ń dá àjọ fún aṣọ ẹbí, a ń dá àjọ fún Mẹ́kà.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ẹ̀yin ẹgbẹ́ Àsáláátù nìyí. Kí ẹ yan ìyá àgbà méjì tí ẹnu wọn kì í ṣẹ́jú, kí wọ́n máa dé ilé ẹni tí ó lóyún tàbí tí ó bímọ nínú yín, láìgbé ìwàásù lọ. Kí wọ́n gba ọmọ mọ́ ọn lọ́wọ́, kí ó sùn. Kí wọ́n bi í bóyá ó ń rẹ́rìn-ín bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, bóyá ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi, bóyá ẹ̀rù ń bà á láìnídìí. Bí ó bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí kò sàn, kí wọ́n mú un lọ sí ilé ìlera tí ó sún mọ́ wọn. Oògùn wà tí dókítà lè fún ìyá tí ń fún ọmọ lọ́mú. Ṣùgbọ́n bí kò bá sùn fún ọjọ́ mélòó kan tí kò sì rẹ̀ ẹ́, tí ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tí ó ń sọ̀rọ̀ ikú, tàbí tí ó ń sọ ohun àjèjì nípa ọmọ, kí wọ́n má dúró de ọjọ́ kejì. Kí ẹnì kan má kúrò lọ́dọ̀ òun àti ọmọ náà títí wọn yóò fi dé ilé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn ọpọlọ wà ní Yábàá, ó wà ní Aró l'Ábẹ́òkúta, níbi tí Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò ti bẹ̀rẹ̀ láti 1954 sí í gba aláìsàn pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ sí àwọn abúlé tí ó yí wọn ká, kí ó má baà dá wà. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2023, sì ti gba ipò òfin wèrè ti ayé ìjọba òyìnbó.

Ní ti owó, kí olúkúlùkù fi ìwọ̀nba díẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ Àsáláátù, kí ó wà lọ́wọ́ ìyá sùnnà, fún owó ọkọ̀ sí ilé ìwòsàn àti fún ẹni tí yóò bá ìyá ìkókó jókòó sí ìsọ̀ títí ogójì ọjọ́ yóò fi pé. Ẹni tí ó bá gbà á kì í ṣe onígbèsè, wọn kò sì gbọdọ̀ ka orúkọ rẹ̀ sétígbọ̀ọ́ ìjọ.